Ohun Tí Ààtàn Àǹtí Dórìn Kì Í Gbà

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú iná gàrí, ẹ kú èéfín, ẹ kú ìfaradà. Mo kúnlẹ̀ kí Bàbá mi níbi tí wọ́n bá jókòó sí lábẹ́ ìbòòji, mo mọ̀ pé rédíò wà létí wọn. Mo kí Ẹ̀gbọ́n mi Ràṣídì, ẹni tó máa ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín, ẹ má fo ibì kankan, ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ tiyín kún un bí ẹ ti máa ń ṣe. Mo kí àbúrò mi Sìdíkátù, mo kí gbogbo àwọn tó ń bá yín bó ẹ̀gẹ́, mo kí ewúrẹ́ yín pàápàá. Àlàáfíà la wà níbí. Bàbá Àjọkẹ́ ń lọ síbi iṣẹ́, Àjọkẹ́ ń sanra, ó ti ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ẹni tó bá bojú wò ó.

Ẹ jókòó dáadáa kí n tó sọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ ìwọ́ Àjọkẹ́ ni, èyí tí ẹ máa ń béèrè lórí fóònù tí mo máa ń fi ẹ̀rín bò mọ́lẹ̀. Ìwọ́ náà kò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Inú ààtàn ìyá onílé wa ló wọ̀, a wá a títí, a ò rí i. Mi ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́ fún Ìyá ọkọ mi ní Òkè-Ọ̀dàn. Orí mi ti dàrú, ẹ ó rí i nínú lẹ́tà yìí fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ìwé ìròyìn fún àwa ọmọ Yewa tó wà lẹ́yìn odi ní kí n jẹ́ kí àwọn tẹ̀ ẹ́ jáde, torí pé èmi nìkan kọ́ ni obìnrin ilé wa tó bímọ sí Ìlú Ọba tí irú èyí lè ṣẹlẹ̀ sí. Mo gbà fún wọn. Nítorí náà, Ìyá mi, bí ẹ bá ti gbọ́ ọ tán, ẹ tètè wá ọ̀kadà tó ń lọ sí Òkè-Ọ̀dàn, kó má lọ jẹ́ pé ẹnu ará ọjà ni wọ́n á ti gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí rẹ̀. Ilé Àǹtí Dórìn là ń gbé, òyìnbó arúgbó tí ọkọ wọn ti kú. Àwọn nìkan ló wà nísàlẹ̀, àwa wà lókè, ilé ìdáná kan náà la jọ ń lò. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé, wọ́n ní kí n máa pe àwọn ní Dórìn lásán. Ẹ̀rù bà mí. Ẹni tó ju ẹ̀yin ìyá mi lọ, kí n máa la orúkọ mọ́ wọn lórí! Mo bá fi Àǹtí sí i, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà. Nígbà tí mo ṣì ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó, tí mo máa ń wọlé tó rẹ̀ mí tẹnutẹnu, àwọn ló máa ń gbé tíì sí mi níwájú. Wọ́n ní ọgbà kan lẹ́yìn ilé, wọ́n ń gbin ọ̀dùnkún síbẹ̀, ẹ̀wà àti òdòdó. Ní igun ọgbà yẹn ni àpótí onígi kan wà tí kò ní ìdí, ilẹ̀ ló jókòó lé. Ibẹ̀ ni ààtàn wọn. Wọn kì í fẹ́ kí n pè é ní ààtàn o. Wọ́n ní oúnjẹ ilẹ̀ ni.

Èmi tí mo dàgbà sí Ajílété, ta ló fẹ́ kọ́ mi ní ààtàn? Lẹ́yìn ilé wa, kí la ò dà síbẹ̀? Èèpo iṣu, eérú ìdí àrò gàrí, ìyẹ́ adìyẹ, omi ẹja, ìgbálẹ̀ tó ti gbó, gbogbo rẹ̀ ló ń wọlé. Tẹ̀tẹ̀ tó ń hù níbẹ̀ máa ń ga ju èyí tí ẹ fọwọ́ yín gbìn lọ, ìbẹ́pẹ ń hù fúnra rẹ̀, adìyẹ ń tú u, ewúrẹ́ ń ṣà á jẹ. Ìgbà tí ọ̀rá àti ike wá pọ̀ lọ́jà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ níbẹ̀. Mo rò pé ti Àǹtí Dórìn náà á rí bẹ́ẹ̀. Ọbẹ̀ kan bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mo gbé ìkòkò, mo dà á síbẹ̀ pátápátá, tepo tẹja tòun ti ṣàkì. Kò pẹ́ tí eku fi dé. Lẹ́yìn eku ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí a máa ń gbọ́ nínú àlọ́, òun ni mo rí ní ọ̀sán gangan tó ń pọ́n epo pupa lá lẹ́nu. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

Àǹtí Dórìn kò bínú. Wọ́n pè mí jókòó, wọ́n là á yé mi. Èèpo èso àti ti ẹ̀fọ́ tútù, kí n máa dà á síbẹ̀. Ohun tó bá ti jinná, rárá. Ẹran, ẹja, egungun, wàrà, epo, rárá, torí eku àti òórùn. Mo ní ó ti yé mi. Irọ́ ni, kò yé mi. Èèpo ẹyin ń wọlé, ẹyin fúnra rẹ̀ kì í wọlé. Ewé tíì ń wọlé, àpò tí ewé náà wà nínú rẹ̀ lè má wọlé, torí òmíràn ní ike lára tí kì í jẹrà. Bébà ń wọlé, bébà tó ń dán kì í wọlé. Eérú igi ń wọlé díẹ̀díẹ̀, eérú èédú rárá. Ìgbẹ́ adìyẹ dára, ìgbẹ́ ajá àti ti ológbò léwu, ó lè kó àìsàn ran ẹni tó bá jẹ ẹ̀fọ́ ibẹ̀. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo fẹ́ fi dín dòdò ń wọlé, dòdò tó bá jóná kì í wọlé. Bí èèpo tútù bá sì pọ̀jù, á máa rùn, a gbọ́dọ̀ wá nǹkan gbígbẹ pò mọ́ ọn, irú páálí, ewé gbígbẹ, kéréètì ẹyin tí a ti ya wẹ́wẹ́.

Mo wá ń dúró ní ilé ìdáná, èèpo lọ́wọ́ ọ̀tún, ìrẹsì àná lọ́wọ́ òsì, bí ẹni tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù dá dúró tí kò mọ èyí tó lè kọjá nínú ẹrù rẹ̀. Ẹ sì mọ bí ti bodè wa ṣe rí. Ohun tó kọjá lánàá lè má kọjá lónìí. Bí mo bá ti rò pé mo mọ̀ ọ́n, Àǹtí Dórìn á tún yọ nǹkan kan jáde láti inú korobá tí mo ń kó èèpo sí, wọ́n á rọra gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Èyí tó dà mí láàmú jù ni ti irun. Mo tú irun orí mi lọ́jọ́ kan, mo ṣa èyí tó já, mo di í sínú ọ̀rá bí ẹ ti kọ́ mi. Àǹtí Dórìn rí i, wọ́n ní kí n mú un wá. Wọ́n ní irun àti èékánná ń jẹrà dáadáa, àfi kí n yọ àtáṣímẹ́ǹtì kúrò nínú rẹ̀, torí ike ni ìyẹn. Ìyá mi! Irun orí mi, kí n gbé e fún èèyàn kó fi gbin ọ̀dùnkún! Mo pè yín lójú ẹsẹ̀, ẹ rántí, ẹ ní kí n má dán an wò. Irun náà ṣì wà nínú àpótí aṣọ mi títí di òní. Mo bi Àǹtí Dórìn pé ṣé irun kì í ṣe ara èèyàn ni, kí ló dé tí ẹran ò gbọdọ̀ wọlé tí irun ń wọlé. Wọ́n ní irun kì í rùn, eku kì í sì í wá a. Ìdáhùn yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn.

Nígbà tí mo wá bímọ, ẹ mọ ohun tí ojú mi rí. Wọn ò fún yín ní físà, Ìyá ọkọ mi náà ò rí gbà. Kò sẹ́ni tó máa jó mi lómi gbígbóná, kò sẹ́ni tó máa na ọmọ. Òjò ń rọ̀, òtútù ń mú, Bàbá Àjọkẹ́ ti padà sílé ìkẹ́rùsí tó ti ń ṣiṣẹ́, torí ìsinmi tí wọ́n fún un ò tó nǹkan. Mo máa ń gbé fóònù ti ara ògiri kí ẹ lè máa wò mí bí mo ṣe ń wẹ ọmọ, ẹ̀yin náà á máa pariwo láti Ajílété pé kí n di orí ọmọ mú. Lẹ́yìn tí ẹ bá pa fóònù ni mo máa ń sunkún. Mi ò sọ ìyẹn fún yín rí.

Ibi ọmọ, àwọn nọ́ọ̀sì ló gbé e lọ, mi ò sì lágbára láti béèrè ibi tí wọ́n gbé e gbà. Ìwọ́ nìkan ló kù. Ẹ̀yin àti Ìyá Òkè-Ọ̀dàn sì ti fẹnu kò pé bó bá já, kí n tọ́jú rẹ̀, kí n fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ wálé, kí wọ́n sin ín sí àgbàlá bàbá rẹ̀, kí wọ́n gbin igi lé e. Gbogbo ọmọ ilé yẹn ló ní igi tirẹ̀. Bàbá Àjọkẹ́ pàápàá, ọ̀pẹ tiẹ̀ ló wà nídìí kànga, ẹmu rẹ̀ ni wọ́n dá lọ́jọ́ tí a ń kúrò nílé. Ìyá ti gbẹ́ ihò ti Àjọkẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ti ní ọmọ àgbọn nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó sán, wọ́n ní kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, àwọn fúnra wọn dúró tì í, wọ́n wé gèlè. Wọ́n ní ẹ̀rù ọmọ yìí ń ba àwọn, ọmọ tí wọ́n bí sí ọ̀nà jíjìn, kó má lọ di ẹni tí kò mọ ibi tó ti wá.

Ìwọ́ já. Ẹ ní kí n má di í sínú ọ̀rá kó má baà bu, kí n gbé e sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń dé. Mo fi tíṣù wé e, mo kì í bọ inú kéréètì ẹyin tó ṣófo, mo gbé e sójú fèrèsé ilé ìdáná, torí ibẹ̀ nìkan ni oòrùn máa ń yọjú sí nínú ilé yẹn. Lọ́wọ́ ọ̀sán ọjọ́ kan ọyàn mi wú, ibà dè mí mọ́lẹ̀, mo sùn lọ. Àǹtí Dórìn ní kí àwọn bá mi ṣe ilé. Wọ́n fọ abọ́, wọ́n gbálẹ̀, wọ́n gbé korobá èèpo jáde, wọ́n sì rí kéréètì ẹyin àti tíṣù nínú rẹ̀. Nǹkan gbígbẹ tí wọ́n máa ń wá nìyẹn. Wọ́n ya á wẹ́wẹ́, wọ́n pò ó mọ́ èèpo kárọ́ọ̀tì, wọ́n fi fọ́ọ̀kì ọgbà yí gbogbo rẹ̀ po. Òfin tí wọ́n kọ́ mi gan-an ni wọ́n tẹ̀ lé, wọn ò rú ọ̀kankan nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo jí tí mo rí ojú fèrèsé lófìfo, mi ò bi ẹnikẹ́ni. Mo sáré jáde tòun ti sílípáàsì nínú òjò, mo ti ọwọ́ mi méjèèjì bọ ààtàn náà. Inú rẹ̀ ń gbóná bíi gàrí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Ekòló ń rìn mọ́ mi lọ́wọ́. Gbogbo tíṣù tí mo bá rí ni mo ń tú, kò sí nǹkan nínú wọn. Àǹtí Dórìn jáde, wọ́n rò pé òrùka mi ló sọ nù. Mo ń ṣàlàyé, mo ń sunkún, gbogbo òyìnbó tí mo gbọ́ fò lọ. Nígbà tó wá yé wọn, ojú wọn pọ́n. Wọ́n kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àwọn tí orúnkún ń dùn, wọ́n ń bá mi wá a títí ọwọ́ àwa méjèèjì fi dúdú. Ẹ̀yin náà mọ bí ìwọ́ gbígbẹ ṣe ń kéré tó. Láàárín èèpo, èèpo ni.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti bi mí ní ìbéèrè kan tí mi ò tíì rí ìdáhùn rẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé ara ọmọ náà ni, àbí ara tìẹ?" Nígbà tó wà nínú mi, ara mi ni. Nígbà tó jáde, ara Àjọkẹ́ ni. Nígbà tó já, ti ta ni? Ẹ bá mi bi Ìyá Òkè-Ọ̀dàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé wọ́n á ní ti ilé àwọn ni.

Bàbá Àjọkẹ́ dé, mo sọ fún un. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín, ó ní ṣebí ilẹ̀ náà ni wọ́n fẹ́ sin ín sí tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ ló sì wọ̀, kí ló tún kù. Inú bí mi, mo gbé ọmọ kúrò níwájú rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí i tó bẹ̀rẹ̀ síbi àpótí yẹn, ó ti bọ́ kóòtù sílẹ̀, ó ń fi ìka tú u, ó sì ń bojú wẹ̀yìn bóyá ẹnì kan rí òun. Mi ò jẹ́ kó mọ̀ pé mo rí i. Ó kúkú máa mọ̀ báyìí.

Ìyá mi, mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí, mi ò rí ibi tí mo lè dúró sí. Màá ní ẹran ni ìwọ́, ó wà lára ohun tí kò yẹ kó wọ ibẹ̀, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lè ti gbé e lọ. Lẹ́yìn náà màá ní ó ti gbẹ, kò rùn, bí irun ló ṣe rí, ara ohun tó yẹ ni. Màá tún ní ìwọ́ ọmọ mi lórí ààtàn, ibi tí à ń da ohun tí a ò fẹ́ rí mọ́ sí! Omi á bọ́ lójú mi. Ìgbà náà ni màá rántí tẹ̀tẹ̀ ẹ̀yìn ilé wa, tí a jẹ dàgbà, tí ẹnikẹ́ni ò kórìíra nínú wa. Mo máa ń parí rẹ̀ síbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀.

Àǹtí Dórìn ò da nǹkan kan sínú àpótí yẹn mọ́. Wọ́n kan tuntun sí igun kejì. Wọ́n ní bó bá ti di ilẹ̀dú tán, ìdí ọ̀dùnkún ni àwọn ì bá kó o sí, ṣùgbọ́n ní báyìí, èmi ni kí n sọ ibi tó máa lọ. Wọn ò gbin ọ̀dùnkún lọ́dún yìí. Ó wú mi lórí, ó sì tún dá kún ìdààmú mi, torí mi ò mọ ibi tó yẹ kó lọ. Ilé àyálégbé là ń gbé. Bí mo bá ní kí wọ́n kó o sí ìdí igi ápù wọn, tí a bá kó jáde lọ́la ńkọ́? Bí mo bá ní kí n bù ú wálé, èwo ni kí n bù nínú gbogbo rẹ̀? Wọn ò sì ní gbà kí n gbé erùpẹ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Nígbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í mú díẹ̀, nǹkan hù lórí ilẹ̀dú náà. Àǹtí Dórìn rò pé èpò ni, wọ́n fẹ́ fà á tu, mo sáré di ọwọ́ wọn mú. Mo mọ ewé yẹn. Ata ni, Ìyá mi. Ata gbígbẹ tí ẹ di ránṣẹ́ nígbà tí mo lóyún, èyí tí ẹ sá síwájú ilé, tí mo máa ń gbọn hóró rẹ̀ dànù kí ọbẹ̀ má baà ta ọkọ mi jù. Hóró náà ò jinná, kò ní epo lára, ó wọlé láìsí wàhálà. Mo wú u tòun ti ilẹ̀dú ìdí rẹ̀, mo gbìn ín sínú ìkòkò amọ̀ tí Àǹtí Dórìn fún mi, mo gbé e sójú fèrèsé ilé ìdáná, ibi tí kéréètì ẹyin wà níjọ́sí. Ó ti so, ó sì ti pọ́n.

Mi ò lè jẹ ẹ́. Bàbá Àjọkẹ́ ní kí n já a sínú ọbẹ̀. Àǹtí Dórìn ní kò sí ewu kankan nínú rẹ̀, ohun tó ti jẹrà di ilẹ̀ ti di ilẹ̀. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ, àìsàn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Mo kàn máa ń wò ó, màá wo ọmọ, màá tún wò ó.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé Òkè-Ọ̀dàn, ẹ bá mi bẹ Ìyá. Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ mu omi. Kí wọ́n má dí ihò yẹn. Kí wọ́n gbin àgbọn náà báyìí, kó tó gbẹ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ tí a bá gbé Àjọkẹ́ wálé, màá mú hóró ata yìí dání, òun ni a ó fi ọwọ́ ọmọ náà gbìn sí ìdí àgbọn rẹ̀. Ata tó ti Ajílété wá, tó jẹ nínú ìwọ́ rẹ̀ níbí, tó sì padà sí Òkè-Ọ̀dàn. Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀? Mi ò mọ̀, Ìyá mi. Bí kò bá tó, kí Ìyá sọ ohun tó máa tó fún mi, màá ṣe é.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Iná gàrí ò ní jó yín, ọjà á máa yá yín lọ́wọ́, ojú yín á rí Àjọkẹ́, ẹ ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn kí ẹ̀yìn tó dùn yín. Bàbá mi á pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ bá mi kí ará Òkè-Ọ̀dàn lápapọ̀, Àǹtí Dórìn náà kí yín, wọ́n ní kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín fún àwọn.

Mo ti já ata tó kọ́kọ́ pọ́n. Mo fi tíṣù wé e kó lè gbẹ, mo gbé e sójú fèrèsé. Inú agolo ni mo fi sí lọ́tẹ̀ yìí, mo kọ orúkọ Àjọkẹ́ sí i lára gàdàgbà. Nígbà tí Àǹtí Dórìn wá kó èèpo lónìí, wọ́n gbé agolo náà sókè, wọ́n nu abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì dá a padà sí àyè rẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Mùínátù, ìyá Àjọkẹ́.